Obìnrin Tó Gbé Àjẹ̀ Ọkọ̀ Lọ sí Japara

Ohùn Ọláníkẹ́ ló kọ́kọ́ kó bá a. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Efire létí ọ̀sà pé ariwo ni adití fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kí ni yóò fi wọ̀n ọ́n? Ṣùgbọ́n Ọláníkẹ́, ìyàwó Nathaniel apẹja, tó ní etí òun ti di pátápátá, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ ọ́, àfi bí ẹni tó jókòó ti ọmọ tó ń sùn. Àwọn ará Efire, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú sí wọn nínú, ní irọ́ ni. Wọ́n ní ìgbéraga ló ń pè ní etí dídi. Wọ́n ní bí ẹja bá kún ọkọ̀, tí a ní kó wá báni gbé apẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni etí rẹ̀ máa ń di jù. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ yìí sọ́kàn o, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Oyún Adépéjú wà nínú rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi tí wọ́n gbé ka iná. Nígbà tó yá, ohùn àwọn ènìyàn ń jìnnà sí i, bí ẹni pé wọ́n ti wọ ọkọ̀, wọ́n tù ú dé àárín ọ̀sà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa bímọ, ó rí ẹnu ọmọ tó là, ó rí ojú rẹ̀ tó pọ́n, ó rí àwọn obìnrin tó ń gbẹ̀bí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ariwo ọmọ yìí ti pọ̀ jù. Òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, wọ́n rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Àwọn ènìyàn kò tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Kí ni wọn yóò máa pè é sí? Wọ́n á fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, wọ́n á nawọ́ sí ohun tí wọ́n fẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló máa ń kì í ní Àwẹ̀ró nígbà kan rí, tí orí rẹ̀ á wú, tí yóò sì kúnlẹ̀ láìmọ̀. Oríkì náà ti dákẹ́.

Ohun méjì péré ló kù tó ń gbọ́ láyé: ohùn ara rẹ̀ àti eyín ara rẹ̀. Bó bá ń jẹ àgbàdo yíyan, bí ẹni ń la igi ni nínú orí rẹ̀. Bó bá da gàrí gbígbẹ sẹ́nu, ariwo rẹ̀ á gba gbogbo agbárí. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó sì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Péjú, báwo lèèyàn ṣe ń gbọ́ gàrí tí kì í gbọ́ àrá?"

Nathaniel mi orí pé òun kò mọ̀. Ẹni tí kì í sọ ohun tí kò mọ̀ ni Nathaniel, irú wọn kò sì pọ̀ láàárín ọkùnrin.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé etí ni Nathaniel fi ń jẹun. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní ọ̀bọ̀kún, a máa kùn nísàlẹ̀ omi. Bí Nathaniel bá dé ojú ọ̀sà, á ti abẹ àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀, ibi pẹlẹbẹ rẹ̀, bọ omi, á gbé orí àjẹ̀ náà lé etí, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ọ̀bọ̀kún bá pọ̀ níbẹ̀, á gbọ́ wọn tí wọ́n ń kùn bí àwọn àgbà tí oúnjẹ pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbà náà ni yóò sọ àwọ̀n. Ẹni tí etí rẹ̀ mú jù ní Efire ló fẹ́ ẹni tí etí rẹ̀ di jù. Ayé mọ bí wọ́n ṣe ń fini ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Nathaniel, Màmá Zipporah, kò gbé létí omi. Japara ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló wà, ó ti búra pé òun kò ní sùn sí Efire mọ́ láéláé. Omi ló gba Simeon, àbúrò Nathaniel, lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Láti ìgbà náà ló ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ń ta obì, ó ń wọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aládùúrà, bó bá sì ti gbàdúrà fún gbogbo ayé tán, orí Adépéjú ni yóò padà sí. Ọmọ tó ń sáré lórí afárá pákó, tí ìyá rẹ̀ kò ní gbọ́ bó bá ké! Oorun kò kun ìyá àgbà. Nígbà tó wá kí wọn kẹ́yìn, ó di ejìká Ọláníkẹ́ mú, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè kà á ní ètè òun.

"Omi éè ní gba méjì lọ́wọ́ mi. Tí a bá ti ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tán, n ó wá mú Péjú lọ s'ulé."

Ọláníkẹ́ kà á. Ó mọ̀ pé ìyá yìí kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìkà. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Bí ènìyàn burúkú bá fẹ́ gba ọmọ ẹni, èèyàn á jà. Bó bá jẹ́ ẹni rere ńkọ́? Ó fi ẹ̀rù sínú, ó ń ka ọ̀sẹ̀.

Ìkórè kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó máa ń bá Nathaniel fa àwọ̀n ń ṣàìsàn, Ọláníkẹ́ bá fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Mary, aládùúgbò wọn, ó sì bá ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀. Nathaniel dẹtí sómi, ó gbọ́ wọn, ó sọ àwọ̀n. Àwọ̀n wúwo! Ó fà á, kò gòkè. Ó na àjẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun dì í mú, abẹ rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Ó tún nawọ́ sí okùn pé kó bá òun fà á. Iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Ọláníkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbá okùn mú, ó fi orúnkún há àjẹ̀, ó wá fi àgbọ̀n tẹ orí rẹ̀ kó má bàa bọ́.

Ìgbà náà ni ayé dún.

Ó kọ́kọ́ rò pé agbárí òun ló ń fọ́. Ohun kan ń kùn, ó ń ha kẹrẹkẹrẹ, ó ń dákẹ́, ó tún ń kùn. Kì í ṣe eyín rẹ̀, kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n kúrò: kẹ́kẹ́ pa. Ó dá a padà: kẹrẹkẹrẹ. Ó gbé e kúrò, ó dá a padà. Ẹja ni! Àwọn ọ̀bọ̀kún tí ọkọ rẹ̀ ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ ẹ, àwọn ló ń ráhùn nínú orí òun yìí! Ọláníkẹ́ ju okùn sílẹ̀. Àwọ̀n lọ, ẹja lọ, Nathaniel fi ìdí balẹ̀ gbì sínú ọkọ̀.

"Mo gbọ́ wọn! Bàbá Péjú, mo gbọ́ ẹja!"

Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, àwọn ẹyẹ fò kúrò nínú ewéko. Nathaniel jókòó sínú omi ìdí ọkọ̀, ó ń wò ó. Èèyàn lè bínú nítorí ẹja tó lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi etí wá oúnjẹ láti kékeré mọ ojú ẹni tó gbọ́ nǹkan. Ó rọra fa àjẹ̀ jáde lómi, ó na orí rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀. Ọláníkẹ́ rántí gàrí. Kò gbé e lé àgbọ̀n mọ́, eyín ló fi dì í mú. Nathaniel fi ẹnu ti abẹ àjẹ̀ tó tutù náà, ó sọ̀rọ̀ sí i.

"Ìyá Péjú."

Ọwọ́ Ọláníkẹ́ mọ̀ pé igi náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n lásán ni lọ́wọ́. Ní eyín, ohùn ni. Ohùn ọkùnrin kan tó mọ̀ dáadáa, tó ti nípọn ju bó ṣe gbọ́ ọ kẹ́yìn lọ.

"Ohùn yín ti dàgbà," ó ní. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Péjú, ohùn yín ti di ti bàbá yín!"

Lẹ́ẹ̀kan náà ni ọkàn àwọn méjèèjì lọ síbì kan. Péjú! Ó máa gbọ́ Péjú! Nathaniel gba àjẹ̀, ó tukọ̀ náà bí ẹni tí àwọn ọlọ́pàá ń lé. Ọláníkẹ́ kò lè jókòó, ó dìde dúró sí iwájú ọkọ̀, ó ń nà tọrùn-tọrùn. Ó ti mọ ibi tí yóò gbé ọmọ náà jókòó sí, ó ti mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ ní kó sọ.

Mary ló dúró dè wọ́n létí omi, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí. Kò sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọláníkẹ́ ka ètè rẹ̀ kí Nathaniel tó gbọ́ ọ: Màmá Zipporah ti wá. Ó bá ọkọ̀ òwúrọ̀ wá, ó bá a padà, ó sì ti mú Péjú lọ.

"Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró dè yín," Mary ní. "Wọ́n ní bí àwọ́n bá dúró, àánú yín á ṣe àwọn."

Inú Nathaniel bàjẹ́, ó fi orí kọ́. Ṣùgbọ́n Ọláníkẹ́? Ẹni tó ti gbọ́ ẹja láàárọ̀ kò sí ohun tí yóò dá a dúró lọ́sàn-án. Ó wọlé, ó pààrọ̀ ìró, ó jáde, ó gbé àjẹ̀ lé èjìká.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéra. Nínú ọkọ̀ ojú omi, àjẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí ilẹ̀, tí wọ́n ń wọ bọ́lẹ̀kájà tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ di àpéwò. Ọmọ mọ́tò wò ó tìtorí-tẹsẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ pé ẹnjínnì wa kì í ṣiṣẹ́ ni, tí ẹ fi gbé tiyín dání?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Nathaniel, tí ojú ń tì, wo ìta. Ọláníkẹ́ kò gbọ́, kò sì bìkítà. Ó ti gbé abẹ àjẹ̀ kanlẹ̀ lórí pákó mọ́tò, ó fi eyín di orí rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mọ́tò ń ké! Ó ń gun òkè, ó ń ráhùn. Ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń kọrin. Arábìnrin kan tó gbé adìyẹ lé itan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi. Bí ẹ bá rí obìnrin tó ń jẹ àjẹ̀ ọkọ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á sún.

Wọ́n tún mọ́tò wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n dé Japara. Màmá Zipporah jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa obì sínú ewé. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó rí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó rí ohun tó wà léjìká ìyàwó náà. Obì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jésù! Àwẹ̀ró ti ya wèrè." Ó sọ ọ́ sókè, nítorí ó mọ̀ pé kò ní gbọ́.

Nathaniel dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ojú ìyá rẹ̀ ń le sí i. Ó ní ẹni tí kò gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ẹja ló wá ń gbọ́? Ó ní òun mọ̀ pé ìyá kò lè fẹ́ kí ọmọ lọ, kò sì sí irọ́ tí ìyá kò lè pa nítorí ọmọ. Ó ní Ọmọ́táyọ̀, ẹ̀gbọ́n Nathaniel, ti mú Péjú lọ sí oko, wọn kò ní dé títí ìrọ̀lẹ́, bó bá sì dé pàápàá, kò ní padà sétí omi.

"Ìyá," ni Nathaniel wí, "ẹ jẹ́ kí á lọ bá dókítà. Bó bá ní irọ́ ni, ẹ mú Péjú. Ọ̀dọ̀ yín ni kó ti lọ sílé ọkọ."

Ìyá àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ ka oògùn kún. Omi àdúrà ló fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí òótọ́ dá lójú kì í sá fún ẹlẹ́rìí. Ó dìde. Ọláníkẹ́ ka ètè àwọn méjèèjì, ó mọ̀ pé Péjú ni ọkọ òun fi ta tẹ́tẹ́ náà. Bí orí òun bá ń tan òun jẹ ńkọ́?

Dókítà tí wọ́n bá ní ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ọláyínká, kò tíì pẹ́ tó ti òkè òkun dé, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọn. Kò fi àjẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó mú irin kan jáde, oníka méjì bí fọ́ọ̀kì, ó gbá a mọ́ orúnkún ara rẹ̀, irin náà ń kùn. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà etí Ọláníkẹ́. Ọláníkẹ́ mi orí: kò sí nǹkan. Ó tún un gbá, ó wá fi ìdí rẹ̀ ti egungun tó wà lẹ́yìn etí. Ojú Ọláníkẹ́ là gbòò, ó fò sókè lórí àga.

"Ó ń dún! Ó dún ju ẹja lọ!"

Dókítà ní òun ti gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ọláníkẹ́, ó tọrọ àjẹ̀. Ẹ wò ó, akẹ́kọ̀ọ́gboyè tó wọ kóòtù funfun, ó fi ẹnu ti abẹ àjẹ̀ tí òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀, kí aláìsàn rẹ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láti ẹnu òun. Ìyá àgbà àti Nathaniel dúró tì wọ́n.

"Etí tí à ń wò lóde yìí, ẹnu ọ̀nà lásán ni," ó ní. "Afẹ́fẹ́ gbé ohùn wọlé, ó lu awọ fẹ́lẹ́ kan. Awọ yẹn ti àwọn egungun kéékèèké, egungun ti omi inú ìkarahun kan tó lọ́ bíi ti ìgbín. Àwọn irun tín-ín-tín wà nínú omi yẹn. Bí omi bá mì wọ́n, wọ́n á ta iṣan jí. Iṣan yẹn, fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú aláǹtakùn lọ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan á ta èkejì jí, èkejì á ta òmíràn, títí ìròyìn á fi dé inú ọpọlọ. Ọpọlọ ló ń gbọ́. Àwọn egungun kéékèèké yẹn ló ti dì lára yín, ìyàwó. Ilẹ̀kùn tì. Ṣùgbọ́n onílé wà nínú ilé, kò kú, kò sùn. Àjẹ̀ yìí gba ojú fèrèsé bá a: láti eyín sí egungun orí, láti egungun sí omi inú ìkarahun."

"Onílé wà nínú ilé," Ọláníkẹ́ tún un sọ pẹ̀lú igi lẹ́nu, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Nathaniel ní ìbéèrè kan, ó ti ń dà á láàmú láti orí omi. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, igi kan náà ló ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí ọwọ́ éè gbọ́ ohùn?"

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ dókítà débi pé ó pàtẹ́wọ́. "Nítorí pé iṣan kì í gbé ohùn! Kì í gbé ìmọ́lẹ̀, kì í gbé ooru. Títa lásán ló ń gbé: pà, pà, pà. Ọ̀nà tí ìròyìn gbà dé ni ọpọlọ fi ń dá a mọ̀. Èyí tó bá gba ọ̀nà ọwọ́ dé, á ní nǹkan ń gbọ̀n. Èyí tó bá gba ọ̀nà etí dé, á ní mo gbọ́. Màmá, ẹ di ojú yín. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níhà imú, kó rọra."

Màmá Zipporah ṣe é. Ó ké. "Ìmọ́lẹ̀! Mo rí òrùka ìmọ́lẹ̀ kan!"

"Ta ló tan án? Ìka yín ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ojú kò mọ iṣẹ́ mìíràn jẹ́ ju ìmọ́lẹ̀ lọ."

Ìyá àgbà tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ èkejì. Ó ti gbàgbé ìjà, ó ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri nínú ojú ara rẹ̀ bí ọmọdé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni dókítà ti béèrè bóyá ohùn jẹ́jẹ́ ni ìyàwó yìí fi máa ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣan etí rẹ̀ ti kú kì í gbọ́ ara rẹ̀, ló ṣe ń pariwo. Tirẹ̀, ohùn ara rẹ̀ ń gba inú egungun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ketekete. Lójú tirẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀ tó. Ẹni tó bá ń díbọ́n ni kò ní mọ̀ pé jẹ́jẹ́ ló yẹ kí òun sọ ọ́."

Màmá Zipporah mú ìka kúrò lójú. Òun náà wà lára àwọn tó sọ pé ìgbéraga ni. Dókítà ní wọ́n á gbìyànjú láti kọ̀wé sí Ìbàdàn, bóyá àwọn kan wà níbẹ̀ tó lè tú egungun náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ṣèlérí. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jáde. Ìyá àgbà ló gbé àjẹ̀ náà délé, kò jẹ́ kí Nathaniel gbà á.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ló tó fọhùn. "Méè ní irọ́ ni mọ́. Mo ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n, Nathaniel, bí ọmọ bá jìn sómi, ṣé àjẹ̀ á wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ lákòókò yẹn?"

Ọláníkẹ́ rí ojú wọn, ó mọ̀ pé òun ti borí ẹjọ́, òun kò tíì rí ọmọ gbà.

Ọmọ́táyọ̀ ti oko dé, Péjú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà tàkìtì sílẹ̀, ó sáré, ó fi orí kan ìyá rẹ̀ níkùn. Àwọn ará ilé ti pé jọ. Ọláníkẹ́ kúnlẹ̀, eyín rẹ̀ di igi mú. Nathaniel gbé abẹ àjẹ̀ sẹ́nu ọmọ, ó ní kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Péjú wo àjẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Ọláníkẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan.

"Tún un sọ," ó ní. Ètè ọmọ tún lọ. Kò sí nǹkan. Ọláníkẹ́ di ojú, ó fi eyín há igi débi pé eyín ń dùn ún. Ẹja sọ̀rọ̀, mo gbọ́. Mọ́tò sọ̀rọ̀, mo gbọ́. Ọmọ tí mo bí ńkọ́? Ẹnì kan ní ẹ̀yìn rọra pòṣé, ó ní ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dójú ti ara rẹ̀ mọ́.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí òun náà gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ, òun tí etí rẹ̀ pé. Òun náà kò sì gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ dúró! Ọmọ yìí éè fọhùn! Ètè nìkan ló ń mì!"

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tí Péjú ti ń sọ̀rọ̀, ètè ni ìyá rẹ̀ ń kà. Ọmọ náà ti mọ̀ tipẹ́ pé ohùn wà fún àwọn ará yòókù. Ti Màámi, ẹnu lásán ti tó. Màmá Zipporah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í.

"Péjú, bá wọn sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń bá mi sọ ọ́. Fi ohùn sí i."

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. "Ṣùgbọ́n Màámi ni."

"Fi ohùn sí i, olówó orí mi."

Péjú fi ẹnu ti igi. Ó ṣiyèméjì. Ó sọ ọ́.

"Màámi, ṣé unú ugi yìí lẹ wà?"

Ohùn náà kéré, ó há díẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọláníkẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ òru yan oríṣiríṣi ohùn fún ọmọ yìí, kò sì sí èyí tó jọ ọ́ nínú wọn. Èyí dára jù wọ́n lọ. Ó wọlé láti eyín, ó jókòó sáàárín orí rẹ̀ bí ẹni tó mọ ilé tẹ́lẹ̀.

"Ibẹ̀ ni mo wà," ó ní. "Inú rẹ̀ ni mo wà, Péjú. Máa sọ ọ́."

Ó kúkú sọ ọ́! Ó sọ nípa ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ ní oko, ó sọ nípa bàtà Ọmọ́táyọ̀ tó já, ó ní òun kò fẹ́ràn ẹ̀wà tí wọ́n fún òun, ó kọrin kan tí kò ní ìparí. Iwájú ilé di ayọ̀. Àwọn tó ń pòṣé ń nu ojú, wọ́n ń jà pé àwọn náà fẹ́ fi eyín kan àjẹ̀ kí àwọn gbọ́ bó ṣe rí.

Ìyá àgbà nìkan ló jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ jìnnà. Nathaniel lọ bá a.

"Etí mi méjèèjì ló pé lọ́jọ́ Simeon," ó ní, jẹ́jẹ́. "Mò ń yan ẹja, mò ń kọrin. Àwọn tó wà ní òdìkejì omi gbọ́ igbe rẹ̀. Méè gbọ́."

Nathaniel kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ìyá àgbà dìde, ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹrù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: aṣọ Péjú tó kó wá láàárọ̀, tó ti dì padà. Aṣọ funfun tirẹ̀ ló so mọ́ ọn lórí, pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀.

Ó gba abẹ àjẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé ẹnu sí i. Kò tíì bá igi sọ̀rọ̀ rí, ó kọ́kọ́ tún ọ̀fun ṣe.

"Àwẹ̀ró," ó pè é. Orí Ọláníkẹ́ wú. "Àwẹ̀ró, ulé yín létí omi, ṣé àyè wà níbẹ̀ fún arúgbó kan tí etí rẹ̀ ṣì mú?"

Ọláníkẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò mú igi kúrò lẹ́nu. Ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́, Ìyá. Àyè wà."